Òṣìṣẹ́ 38 lórí sáfà kan ṣoṣo: bó bá ti di aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, gbogbo nǹkan a dúró gbagidi

Akọ̀wé_Bódìjà
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ́fíìsì àwọn oníṣirò owó ni mo ti ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn níbí. Àwọn 38 ló ń lo sáfà kan ṣoṣo: 26 wà lọ́dọ̀ wa, mẹ́jọ wà ní ẹ̀ka Abẹ́òkúta, mẹ́rin ń ti ilé ṣiṣẹ́. Remote Desktop (ètò tó ń jẹ́ kéèyàn jókòó níbòmíràn kó máa lo Windows orí sáfà) ni gbogbo wọn fi ń wọlé sínú rẹ̀. Excel, sọ́fítíwià ìṣirò owó, Outlook àti Chrome ni iṣẹ́ wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń ya àwòrán ilé tàbí tó ń gé fídíò.

Windows Server 2019 ló wà lórí sáfà náà. Core 16, RAM 64 GB, hard disk mẹ́rin tó ń yí, 7200 rpm, lórí RAID 5 (àwọn dísìkì tí wọ́n so pọ̀ kí dátà má bàa sọnù bí ọ̀kan bá kú). Bó bá ti di aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, ariwo a ta. Ẹni tó bá tẹ lẹ́tà kan lè lọ po tíì kó tó rí i lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ara rẹ̀ a balẹ̀, iṣẹ́ a máa lọ wẹ́rẹ́. Àwọn Abẹ́òkúta ní tiwọn, àtàárọ̀ àtalẹ́ ni wọ́n ń kígbe.

Ọ̀gá wa ti pe ẹnì kan tó ń ta irú ọjà yìí. Onítọ̀hún ní ká kó gbogbo ìyẹn tì, ká ra sáfà tuntun méjì, ká ya Windows sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye tó kọ síwájú wa, èèyàn lè fi ra ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan sí Mọ́níyà. Kí n tó padà lọ bá ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Àgbà_Sáfà
Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó ń ta sáfà, sáfà ló máa kọ fún ẹ. Bó o bá pe oní-RAM, RAM ló máa kọ.

Ibi mẹ́rin ni irú wàhálà yìí ti sábà máa ń wá: CPU, RAM, dísìkì, àti ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Wọ̀n wọ́n ná. Ṣí Performance Monitor, kó máa kọ sílẹ̀ láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Lọ́dọ̀ dísìkì, wo Avg. Disk sec/Read àti sec/Write (àkókò tí kíkà àti kíkọ ẹyọ kan ń gbà): bó bá ń ju ìṣẹ́jú àáyá 0.020 lọ lemọ́lemọ́, dísìkì ò lè gbé ẹrù tẹ́ ẹ dì lé e. Lọ́dọ̀ RAM, wo Available MBytes (RAM tó ṣẹ́ kù), kó o sì wò ó bóyá Pages/sec (ìlọbọ̀ RAM pẹ̀lú dísìkì) ń fò sókè lásìkò kan náà. CPU, o ti mọ ìyẹn.

Èyí tó wù mí jù ni User Input Delay per Session. Session ni ìjókòó ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí sáfà, láti ìgbà tó bá wọlé títí tó fi jáde. Server 2019 tó o ní yẹn ló kọ́kọ́ gbé e wá láàárín àwọn Windows Server. Ó ń sọ bó ṣe pẹ́ tó kí ètò orí sáfà tó gba bọ́tìnnì tí èèyàn tẹ̀. Kò ka ìrìn orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Nítorí náà, bí àwọn Abẹ́òkúta bá ń kígbe tí nọ́ńbà yẹn sì kéré, ẹjọ́ sáfà kọ́ rárá.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ ire. Àmọ́ kí Akọ̀wé tó wọ̀n ọ́n, èmi ti mọ ibi tí ọwọ́ máa tọ́ka sí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Hard disk 7200 rpm kan, kíkà tàbí kíkọ tó lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ò ju nǹkan bíi 75 sí 100 lọ. Mẹ́rin rẹ̀, ká sọ pé 400. Ìyẹn fún kíkà o. RAID 5 ní ti kíkọ, ó gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó ka parity (dátà tó fi ń tún ti dísìkì tó bá kú kọ), kó wá kọ méjèèjì padà. Iṣẹ́ mẹ́rin fún kíkọ ẹyọ kan. Pín 400 sí mẹ́rin, 100 ló ṣẹ́ kù. Èèyàn 38 wá wọlé láàárín ogún ìṣẹ́jú, profile (ètò àti fáìlì ti ẹnì kọ̀ọ̀kan) ń ṣí, Outlook ń ṣí, Chrome ń ṣí ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ lánàá. Kànga kan, okùn kan, korobá 38.

SSD lásánlàsàn ń ṣe ju 10,000 lọ níbi tí àwọn yẹn ti ń ṣe 100. Ra méjì, tò wọ́n sí RAID 1 (ohun kan náà lórí méjèèjì), kí Windows àti profile àwọn èèyàn wà lórí wọn. Fi àwọn tó ń yí yẹn sílẹ̀ fún fáìlì àtijọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà ni kó o rà, èyí tí ohun tó ń kọ lọ́wọ́ kì í sọnù bí iná bá lọ lójijì. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìdí rẹ̀ fún ará Ìbàdàn.

Jagun_VDI
Èmi ò gbà pẹ̀lú yín tán o. Níbi iṣẹ́ tèmi, oníkálukú ló ní Windows tirẹ̀, ọkàn wa sì balẹ̀. Bí ti ẹnì kan bá kú, tirẹ̀ nìkan ló kú. Lórí sáfà àjùmọ̀lò, kí ẹnì kan ṣáà ti ṣí Excel tó ní ìlà 800,000, gbogbo ilé ló máa gbọ̀n. Ọkùnrin tó ń ta ọjà yẹn lè má jẹ̀bi.

Àgbà_Sáfà
Jagun, mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Mo ní kẹ́ ẹ ka owó ọ̀hún.

Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní Windows tirẹ̀, 4 GB ni mo lè fún un kó má bàa sunkún: 38 lọ́nà 4, ó di 152 GB. Bó o bá fẹ́ kí ara tù wọ́n, 8 GB, ó di 304. Lórí sáfà àjùmọ̀lò, Windows kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo máa ń ka 2 GB fún oníṣirò owó tó ń lo Chrome, 76 nìyẹn, kí n fi 8 sí i fún Windows fúnra rẹ̀: 84. Akọ̀wé, o rí i pé 64 tó o ní kò tó? Gbé e dé 128, kó o sinmi.

CPU ńkọ́? Nínú ìlànà tí Microsoft kọ fún Azure Virtual Desktop, èèyàn mẹ́fà ni wọ́n gbé lé vCPU (core àfọwọ́dá) kan bí iṣẹ́ wọn bá fúyẹ́, mẹ́rin bó bá jẹ́ ìwọ̀n àárín, méjì bó bá wúwo. Èmi máa fi àwọn tiyín sí àárín: 38 pín sí mẹ́rin, kò tó 10. Kódà bí gbogbo wọn bá jẹ́ oníṣẹ́ wúwo, 19 ni, core 16 yín sì sún mọ́ ọn. CPU ò yọ yín lẹ́nu.

Ti Excel onílà 800,000 yẹn, láti Server 2008 R2 ni Windows ti ń pín CPU láàárín àwọn session kí ẹnì kan má bàa gbé gbogbo rẹ̀ jẹ. Bó o bá tún ń bẹ̀rù kí gbogbo ilé má kú lẹ́ẹ̀kan náà, pín sáfà náà sí VM (sáfà inú sáfà) méjì, 19 níbí, 19 lọ́hùn-ún. Ìgbà tí mo máa ń gba VDI (Windows ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀) ni bí àwọn èèyàn bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì fẹ́ di ọ̀gá lórí Windows wọn, tàbí bí sọ́fítíwià wọn bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí Server, tàbí bí wọ́n bá nílò GPU. Oníṣirò owó kò sí nínú wọn.

Alájọ_Láísẹ́ǹsì
Ẹ má gbàgbé láísẹ́ǹsì. Windows Server fúnra rẹ̀, èèyàn méjì péré ló gbà kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì jẹ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn yòókù nílò RDS CAL (láísẹ́ǹsì ìwọlé). 120 ọjọ́ ló máa fi fojú fò ó. Lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, àárọ̀ ọjọ́ náà a sì jẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ san owó orí. Bí èèyàn kan bá ń lo kọ̀ǹpútà méjì (ọ́fíìsì àti ilé), ra ti User. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń pààrọ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, ra ti Device.

VDI tí Jagun ń polówó yẹn, láísẹ́ǹsì tirẹ̀ yàtọ̀: Windows Enterprise tàbí VDA fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bi ọlọ́jà yẹn bóyá ó fi kún iye tó kọ.

Akọ̀wé_Bódìjà
Mo bi í. Kò fi kún un.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Peckham
Ẹ jẹ́ kí n gba ti Abẹ́òkúta sọ, ìlú mi ni.

Láti London ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí sáfà tó wà l'Ékòó. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fíbà ń sáré tó nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkó sí London tó bíi 5,000 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó. Lílọ àbọ̀, 10,000. 50 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms kan) ti lọ nìyẹn, wáyà ò sì rìn bí ẹyẹ. Nǹkan bíi 100 ms ni mo máa ń rí, mo sì ń ṣiṣẹ́ láìráhùn. Microsoft ní kó má kọjá 150. Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn ńkọ́? Mọ́tò tó dáa ò ní lò tó wákàtí méjì. Bí wọ́n bá ń rí 100 bíi tèmi, nǹkan kan wọ́ níbẹ̀. Akọ̀wé, sọ fún ẹnì kan ní Abẹ́òkúta kó ṣe tracert (àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí dátà ń gbà hàn) sí ọ́fíìsì yín, kó fi èsì ránṣẹ́.

Ohun tí mo rò ni pé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò yàtọ̀ sí tiyín, àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì ò sì pàdé ní tòsí. Dátà a lọ sí Èkó, a sọdá òkun lọ sí Yúróòpù, a tún padà wá sí Ìbàdàn. Torí irú èyí gan-an ni wọ́n ṣe dá IXPN (ibi tí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti ń pàdé) sílẹ̀ l'Ékòó, kí dátà ilé lè máa rìn nílé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, tí wáyà WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já lábẹ́ òkun létí Abidjan, iṣẹ́ mi dúró pátápátá, mo sì rò pé èmi tí mo wà l'Óyìnbó nìkan ni. Ẹnì kan pè mí láti Ìjẹ̀bú pé òun ò rí sáfà Èkó wọ̀. Ìjẹ̀bú o!

Ìyá_Ìbejì
Haha. Ìgbà yẹn la mọ ẹni tí dátà rẹ̀ ń gba Portugal lọ sí Ìkẹjà.

Fún Abẹ́òkúta, ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń gbé gba orí wáyà. Ẹni tó ń tẹ Word, 100 sí 150 Kbps tó o. Ẹni tó bá la fídíò 1080p sílẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà lórí sáfà, ó ń jẹ 7.5 sí 8.5 Mbps. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wo ìwàásù lórí YouTube nínú session lè mú gbogbo ẹ̀ka yẹn pa. Kó wò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Yọ àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, yọ eré tí fèrèsé ń ṣe bó bá ń ṣí. Bó o bá ti tan AVC 444 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún àwòrán pọ̀), pa á: lẹ́tà a mọ́lẹ̀ kedere lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ dátà. Kó o sì rí i pé UDP (ọ̀nà ìfidátà-ránṣẹ́ tí kì í dúró de èyí tó já) rí ọ̀nà kọjá, kì í ṣe TCP nìkan. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já dátà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, TCP a dúró de èyí tó já kó tó máa lọ, ọwọ́ èèyàn a ti kúrò níbẹ̀ kí àwòrán tó dé.

Ìbéèrè kan: báwo làwọn mẹ́rin tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ ṣe ń wọlé?

Akọ̀wé_Bódìjà
Mo ṣí port 3389 (ilẹ̀kùn Remote Desktop) fún wọn lórí router, tààrà sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Ìbejì
Yéè! Dìde níbi tó o jókòó sí, lọ tì í. Ká tó máa bá ìyókù lọ.

Lẹ́yìn náà, ṣí Event Viewer, Security, wá nọ́ńbà 4625 (ìgbìyànjú ìwọlé tó kùnà). Ka iye tó wà níbẹ̀ láti àná.

Akọ̀wé_Bódìjà
Mo ti tì í. Ó ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ, láti àná sí òní. Wọ́n ń gbìyànjú "admin", "administrator", "user1", "scanner". Ara mi bù máṣọ.

Àgbà_Sáfà
Gbogbo ẹni tó ṣí i ló ń rí bẹ́ẹ̀. Dúpẹ́ pé Server 2019 lo ní. Lọ́dún 2019, oṣù karùn-ún, ni ìròyìn BlueKeep jáde, àléébù inú Remote Desktop, CVE-2019-0708, tí aṣebi lè fi wọ Windows 7 àti Server 2008 láìní pásíwọ́ọ̀dù rárá. Tìẹ kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ẹgbẹ̀rún lóòjọ́, ọjọ́ kan ló máa bá ẹni tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ pàdé.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kó o yí 3389 sí 3390. Ìyẹn dà bíi pé o yí nọ́ńbà ilé padà, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì) ò wọ́nwó, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń lo UDP. Fi sórí kọ̀ǹpútà àwọn mẹ́rin yẹn àti ẹ̀ka Abẹ́òkúta. Bó o bá fẹ́ ti Microsoft, RD Gateway (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ Remote Desktop) lórí port 443, pẹ̀lú kóòdù ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí fóònù. Èyíkéyìí tó o bá mú, fi NLA (kí sáfà kọ́kọ́ yẹ pásíwọ́ọ̀dù wò kó tó ṣí session) sílẹ̀ ní títàn.

Akọ̀wé_Bódìjà
Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti wọ̀n ọ́n.

CPU ò kọjá 45% rí. RAM máa ń ku 2 GB péré ní aago mẹ́sàn-án. Dísìkì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: láti 8:10 títí di 10:50, sec/Read kò sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ 0.180. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jàre.

Àmọ́ mo ṣí Resource Monitor láti wo ẹni tó ń jẹ dísìkì, mo rò pé màá rí Outlook. Kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ló wà lókè. Antivirus ló wà lókè, bákọ́ọ̀pù tẹ̀ lé e, Windows Update wà lẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀ aago méjì òru ni ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi fi gbogbo wọn sí! Ó gbà mí ní wákàtí kan kí n tó ronú kàn án. Aago méje alẹ́ la máa ń pa jẹnẹrétọ̀. Sáfà ń sùn lóru. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń jí, ó sì ń rántí gbogbo iṣẹ́ òru tí kò ṣe.

Àgbà_Sáfà
Áà! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìwé táwọn Òyìnbó kọ, gbogbo rẹ̀ ló gbà pé iná wà lóru. Nínú Task Scheduler, ibì kan wà níbẹ̀ tó sọ pé bí àkókò iṣẹ́ bá kọjá kó ṣe é ní kété tó bá ti ráyè. Yọ ààmì kúrò níbẹ̀ fún èyí tí kò pọn dandan. Antivirus yín náà máa ní irú rẹ̀ nínú tirẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Yọ ọ́, àmọ́ fún wọn ní àkókò mìíràn o, kó má di pé bákọ́ọ̀pù ò ṣẹlẹ̀ mọ́ rárá. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti tún un ṣe bẹ́ẹ̀, sáfà yá bí àṣá, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà dísìkì kú, kò sí bákọ́ọ̀pù kankan.

Akọ̀wé_Bódìjà
Mo ti gbé bákọ́ọ̀pù sí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ká tó pa jẹnẹrétọ̀. Antivirus di ọ̀sán Sátidé. Mi ò tíì ná kọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo nǹkan ti ń balẹ̀ báyìí. Ọ̀gá ní kí n kọ SSD méjì àti RAM sílẹ̀ kí òun fọwọ́ sí i. Ó rò pé idán ni mo pa.

Mo tún rí nǹkan: session 17 wà níbẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí wọn, òmíràn ti wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n kàn ń tẹ X, wọn ò jáde. Ìlànà kan tí mo kà ní kí n máa pa irú rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Jagun_VDI
Ìṣẹ́jú 15 ti pọ̀ jù kẹ̀. Pa á lẹ́yìn márùn-ún.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Peckham
Rárá o, Jagun. Ohun tí àwọn Abẹ́òkúta ń jẹ lára Remote Desktop gan-an nìyẹn: iná lọ, kọ̀ǹpútà wọn kú, iṣẹ́ wọn ṣì wà ní ṣíṣí lórí sáfà. Bí iná bá dé lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n a bá Excel níbi tí wọ́n fi í sí. Bẹ́ ẹ bá pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tí kò tíì tẹ Save ti sunkún.

Àgbà_Sáfà
Wákàtí mẹ́ta. Ìyẹn gba iná lílọ, ó sì kó ti àárọ̀ dànù. Nígbà tí SSD bá dé tó o bá pín sáfà sí VM méjì, FSLogix (ètò Microsoft tó ń kó profile ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì VHDX) ni kó o fi gbé profile, kí èèyàn lè bá nǹkan rẹ̀ nínú èyíkéyìí tó bá wọ̀. Ẹni tó ti ní RDS CAL ò san owó mìíràn lé e. Sọ fún antivirus kó má ṣe tú fáìlì VHDX rẹ̀ wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o máa padà wá bá wa níbí.

Akọ̀wé_Bódìjà
SSD ti wọlé látọjọ́ Ajé, RAM ti di 128. sec/Read wà ní 0.001 ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Tracert Abẹ́òkúta gba London lọ lóòótọ́, Ọmọ Ẹ̀gbá. A ti pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wọn sí iléeṣẹ́ kan náà pẹ̀lú tiwa, 112 ti di 14 ms.

Ẹjọ́ tó kù ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Bí wọ́n bá tẹ̀wé láti inú session, kì í jáde.

Ìyá_Ìbejì
Yọ gbogbo driver (ètò tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé) tí wọ́n ti kó sórí sáfà kúrò, kó o wá fi Easy Print sílẹ̀. Driver orí kọ̀ǹpútà tiwọn ló máa ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé_Bódìjà
Ó ti ń jáde, ma. Ẹ ṣeun gan-an. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ jáde, mo ń bá ìyẹn jà lọ́wọ́.